Òkun Nínú Pálọ̀ Bàbá Pírínsípà

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ta ẹja ní Òkè-Ìlá, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, kí ó na ìka sí ẹja pupa kan nínú dígí, kí ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, èló lèyí? Ṣé ó ń dùn lọ́bẹ̀?"

Èmi á ní, "Ó dùn o. Ẹ ra ogún, yóò kún ṣíbí kan."

Wọ́n á wò mí bíi pé mo fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Èmi náà á máa wo abọ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ wá síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ìwòran, ó yẹ kí ènìyàn máa mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí tí mo fi darúgbó nìyẹn. Ẹja tí à ń wò ni mo ń tà, kì í ṣe èyí tí à ń jẹ. Mo ń gbé àpótí dígí kalẹ̀ sí pálọ̀ àwọn tó rí jẹ, sí ọsibítù, sí òtẹ́ẹ̀lì, mo ń da omi sí i, mo ń kó ẹja sí i, mo sì ń padà lọ wò wọ́n kí àwọn onílé má baà pa wọ́n. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Èmi kàn ń lọ síbẹ̀ láti lọ fín in níràn ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti parí ìwé mẹ́wàá, tí ẹ wá ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ kiri, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Ìwé mẹ́fà ni tèmi, mi ò sì parí rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó ṣìnà, ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó padà sílé. Bí ẹ ò bá sì gba ohun tí mo sọ gbọ́, ìyẹn náà dára. Ẹni tí kò bá lè fura, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Ìyá mi ń ta gààrí ní Ìgèdè, ó fẹ́ kí n kọ́ aṣọ rírán, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn mi. Ọkùnrin kan láti etí òkun, ọmọ Ìlàjẹ, ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹja ìwòran sí Òkè-Ìlá ní Adó, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a pọnmi. Mo lọ pọnmi, mo sì jókòó síbẹ̀. Iye tí ó ń fún mi, ẹ má béèrè. Èmi náà kì í béèrè.

Nígbà tí ìyá mi wá wò mí, ó dúró níwájú àwọn dígí, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ó ní, "Uṣẹ́ kí leléyìí? Ẹja tí a kì í jẹ?" Ó wò mí títí, bíi pé mo fi nǹkan pamọ́ fún un. Títí tí ó fi kú, ó gbà lọ́kàn pé ọ̀gá mi ń ta nǹkan mìíràn lẹ́yìn àwọn ẹja yẹn.

Gbogbo Òkè-Ìlá ló ń pe ọ̀gá mi ní Ọ̀gá Ìlàjẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ burú. Ọjọ́ tí mo dé, mo rò pé yóò kọ́ mi ní orúkọ ẹja. Dígí ni ó ní kí n máa fọ̀. Mo fọ dígí títí oṣù fi ń gorí oṣù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹja kan. Kò sì jẹ́ kí n lo ọṣẹ. Iyọ̀, kànìnkànìn àti agbára apá, ó tán.

Láràárọ̀, kí n tó ṣe ohunkóhun, á ní, "Na ọwọ́ rẹ." Mo máa nà án. Á gbóòórùn rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ìgbà tí wọ́n ń gbóòórùn ẹran tó fẹ́ bàjẹ́.

"Kí lo fi para?"

"Òrí ni, Ọ̀gá. Ọyẹ́ ti mú."

"Òrí. Kí ọ̀rá rẹ̀ lọ bo ojú omi."

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀. Láti ojú omi ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé bá wọn. Bí ọ̀rá bá bò ó, ó dà bí ìgbà tí o gbé ìrọ̀rí lé wọn lẹ́nu. Lọ fi iyanrìn họ ọwọ́ yẹn."

Mo fi iyanrìn họ ọwọ́ títí ọwọ́ mi fi dà bíi ti bíríkìlà. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún padà wá. Ẹ má dá a lẹ́bi. Èmi náà á sá.

Lẹ́yìn dígí, ó kan omi. Á bu omi kànga sínú abọ́ kan, omi òjò sí òmíràn, omi ẹ̀rọ sí ìkẹta, á ní kí n ti ìka bọ̀ ọ́, kí n fi pa àtàǹpàkò, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n sọ èyí tí ó jẹ́. Bí mo bá ṣì í, mo máa padà lọ pọn òmíràn, ẹ sì mọ bí òkè Adó ṣe rí fún ẹni tó ru omi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rò pé yóò yìn mí. Ó ní, "Èwo nínú wọn lo fọkàn tán?" Mo na ìka sí èyí tó mọ́ lójú jù. Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní, "Èyí tó mọ́ jù yẹn ni kí o kọ́kọ́ máa fura sí." Mo bínú lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ni mo na ìka sí, èyí tí wọ́n ti fi oògùn pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, tí yóò sì pa ẹja tẹ̀lé wọn bí a kò bá jẹ́ kí ó sinmi.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Ọ̀gá ní àpótí dígí kan tí kì í ṣe títà. Ẹja odò ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan tí kò rí àyè lọ sílé, ó kó wọn jáde, ó ní òun máa sọ ọ́ di òkun. Ìbátan rẹ̀ kan ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi òkun gidi wá fún un nínú mọ́tò elẹ́ja gbígbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ó bá ti ṣe tán nírọ̀lẹ́, á gbé àga síwájú dígí yẹn, á fi ìka kan omi, á tọ́ ọ wò lórí ahọ́n. Mo máa ń rò pé oògùn ni ó ń ṣe. Àárò ilé ló ń sọ ọ́.

Nípa irinṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nǹkan kò yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá mú iná lọ, táyà inú ọkọ̀ ajàgbé la máa ń fẹ́ kún fún afẹ́fẹ́, a máa so rọ́bà tín-ín-rín mọ́ ẹnu rẹ̀, á máa tú afẹ́fẹ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa dà bí ilé fọkanáísà. Àwọn awakọ̀ ń yà wá béèrè iye tí à ń gbà lẹ páǹṣà. Lẹ́yìn náà ni páńpù oníbátìrì dé, ó kan jẹnẹrétọ̀, ó kan ínfátà. Báyìí sólà ni Bọ́sẹ̀ ń lò, ó sì ń fi yọ̀ mí. Iyọ̀ inú omi, ahọ́n ni ọ̀gá mi fi ń wọ̀n ọ́n. Èmi ní ẹ̀rọ kékeré kan bí awò tí à ń kàn mọ́jú, ó ń fi nọ́ńbà hàn. Ẹ̀rọ yẹn dára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé mi ò ti ìka bọmi mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ara Ọ̀gá kò gbé iṣẹ́ mọ́, ó padà sí etí òkun, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ni ín ni Bàbá Pírínsípà, olùkọ́ jọ́gíráfì tó di pírínsípà kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an. Èmi àti Bàbá ti ń fura sí ara wa láti ọjọ́ tí a ti mọra. Bí mo bá sọ pé òrùlé ń jò, á gun àkàbà fúnra rẹ̀, á lọ wò ó bóyá èmi ni mo lu ú. Bí òun náà bá sì kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín láàárọ̀, mo ti mọ̀ pé owó ilé fẹ́ gòkè.

Àpótí dígí ńlá kan wà nínú pálọ̀ rẹ̀, ti ẹja odò, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, àwọn ẹja wọ̀nyí ti sú mi."

"Kí ni wọ́n ṣe, Bàbá?"

"Wọn ò ṣe nǹkankan. Ìyẹn náà ló sú mi. Ti òkun ni mo fẹ́."

"Bàbá, òkun jìnnà sí Adó."

"Èmi lo ń kọ́ ní jọ́gíráfì?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ni mo fi ń ya òkun sójú pátákó fún àwọn ọmọ orí òkè, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì búlúù kùn ún. Bí agogo bá ti lù, wọ́n á nù ún kúrò. Mo fẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè nù."

Mo gbà.

Ẹ̀yin tó rò pé kí a bu iyọ̀ sínú omi odò ni a fi ń sọ ọ́ di omi òkun, ẹ jókòó dáadáa. Mo kọ́kọ́ kó àwọn ẹja odò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fa omi gbẹ. Mo wá ní kí a kó gbogbo òkúta inú rẹ̀ dànù, nítorí oògùn tí a ti fi wo ẹja odò sàn láti ọjọ́ yìí wá ti wọ inú wọn, oògùn yẹn a sì máa pa ohun tó bá ti òkun wá.

Bàbá di àpò òkúta náà mú. "Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Bàbá, òkúta ni."

"Òkúta tí mo fi owó rà. Fi í sílẹ̀."

Ó gbé e lọ sábẹ́ ibùsùn. Bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó kan iyọ̀. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ń dì sí àpò la máa ń lò, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní Èkó ni mo ti ń rà á. Bàbá lọ gbé iyọ̀ ọbẹ̀ wá láti ilé ìdáná.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, iyọ̀ kì í ṣe iyọ̀?"

"Bàbá, ṣé ẹ lè fi ìwé jọ́gíráfì kọ́ ọmọ ní ìṣirò?"

Ó gbé iyọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó tọ́ tèmi wò. Mo po iyọ̀ náà nínú dúrọ́ọ̀mù, páńpù sì rò ó mọ́jú. Mo kan awò mi mọ́jú, nọ́ńbà pé, mo wá dà á sínú dígí. Mo to òkúta òkun sí i. Mo so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ̀rọ tí ó máa ń fi afẹ́fẹ́ po omi kí ó lè hó bí ọṣẹ, tí ìhó náà á sì máa kó ìdọ̀tí jáde. Mo wá sọ fún Bàbá pé ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹja tó wọ̀ ọ́.

"Kí ni kí n máa wò títí di ìgbà náà?"

"Omi, sà. Àwọn nǹkan kan wà nínú òkúta yẹn tí ojú kò rí, àwọn ló máa ń jẹ ẹ̀gbin ẹja. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i."

"Tí ojú kò rí," ó ní. Ó wò mí bí ìyá mi ṣe wò mí.

Àwọn àlejò ń wọlé, wọ́n ń béèrè ibi tí ẹja wà. Wọ́n ní mo ta omi fún pírínsípà. Mo gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ mi. Ta ni nínú wọn tó tíì ta omi fún pírínsípà rí?

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Bàbá kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Màmá jẹ́ ìyá àwọn aládùúrà ìjọ wọn, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbójú sókè bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí Bàbá sọ fún un ni pé à ń pààrọ̀ òkúta. Nígbà tí ẹja dé, àwọn kéékèèké aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára, Bàbá pe ilé, ó pe àdúgbò. Ó ní, "Ẹ wá wo òkun." Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, kò wọlé.

"Òkun wo?"

"Òkun gidi. Wá tọ́ ọ wò."

Kò tọ́ ọ wò. Ó kọjú sí mi, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá Ẹlẹ́ja, ìwọ lo gbé òkun wọlé mi."

Mo rò pé oríyìn ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Kò pẹ́ tí àwọn ẹja náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo kan awò mọ́jú, iyọ̀ pé. Mo wo páńpù, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹ̀yìn yẹn kò hó mọ́, omi lásán ló ń gbé mì. Mo pe ọkùnrin oníyọ̀ ní Èkó.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, iyọ̀ kan náà ni mo tà fún gbogbo ènìyàn."

"Gbogbo ènìyàn ńkọ́? Ṣé ẹja wọn wà láàyè?"

"Ẹ fẹ́ kí n lọ máa ka ẹja wọn ni?"

Mo fura sí i síbẹ̀. Mo fura sí ọkùnrin tí ó ń ta fóònù lábẹ́ agboòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí mo mọ̀ pé ó ti ń bẹ Bàbá fún ṣọ́ọ̀bù náà. Mo fura sí Bàbá fúnra rẹ̀, pé bóyá ó ti bu iyọ̀ ọbẹ̀ sí i nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Mo pààrọ̀ ìdajì omi, mo gbé ẹja méjì mìíràn wá. Ọ̀kan kú. Èyí tó kù ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi, ó ń ya ẹnu, ó ń pa á dé.

Bàbá jókòó níwájú rẹ̀ láìbọ́ fìlà, bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Kò wojú mi. Ó ní, "Mo ti ṣe sùúrù. Bí eléyìí bá kú, kó ẹrù rẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnìkan ń wá ibi tí yóò ti máa ta fóònù."

Ẹ̀rín kò wá. Ibẹ̀ ni mo ti fọ dígí, ibẹ̀ ni mo ti tọ́ Bọ́sẹ̀ dàgbà. Níbo ni mo fẹ́ kó gbogbo omi yẹn lọ? Mo dúró síwájú ẹja kan ṣoṣo yẹn, àwa méjèèjì ń mí bákan náà. Mo wá rántí ọkùnrin Ìlàjẹ yẹn. Mo fi awò sílẹ̀, mo ṣí ìdérí, mo ti ìka bọ omi, mo fi pa àtàǹpàkò.

Ó yọ̀.

Mo mọ ohun tó máa ń yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ni. Mo gba ilé ìdáná lọ bá Bùnmi tí ó ń bá wọn se oúnjẹ, mo ti múra ìjà.

"Bùnmi, dòdò rẹ ló ń pa ẹja mi."

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kú àárọ̀ náà."

"Epo ń ta láti inú agbada rẹ, ó ń wọ pálọ̀, ó ń bà sínú omi."

"Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń dín nǹkan. Ṣé epo tèmi mọ ọ̀nà pálọ̀ ni? Ẹ gbé ọwọ́ yẹn wá." Ó gbóòórùn ìka mi bí ọ̀gá mi ṣe máa ń ṣe. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. "Èyí kì í ṣe tèmi. Tèmi kì í ta sánsán báyìí."

"Ti ta ni?"

Ó gbé ìkòkò tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. "Mi ò sọ nǹkankan o. Ẹ wá bá wa ṣe àdúrà òwúrọ̀ lọ́la. Àdúrà dára fún yín."

Mo dé kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ó ya Bàbá lẹ́nu, Màmá ní, "Ẹ káàbọ̀," ó fún mi ní ìwé orin. A kọrin, a kúnlẹ̀. Bàbá di ojú pinpin. Bùnmi di tirẹ̀. Èmi kì í di ojú nínú ilé ẹni tó lè lé mi jáde. Màmá dìde, ó mú ìgò òróró àdúrà kékeré kan láti ẹ̀gbẹ́ Bíbélì. Ó fi ìka tó òróró sára igi ilẹ̀kùn, ó tó o sí fèrèsé, ó tó o sí orí Bàbá. Ó wá dé ìdí dígí. Ó ṣí ìdérí. Kò fi ìka tó èyí. Ó dà á sínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ta epo sí ẹ̀wà.

Gbogbo wa ní, "Àmín." Tèmi lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Mo lè pariwo. Ẹnu mi kì í dúró dè mí, gbogbo Òkè-Ìlá ló mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ níwájú Bàbá, òun àti ìyàwó rẹ̀ á jà, wọ́n á parí rẹ̀, èmi ni màá kó ẹrù. Mo bá Màmá lọ sẹ́yìnkùlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Nípa òróró ni. Mo rí ọ. O la ojú sílẹ̀ nígbà àdúrà."

"Ẹ̀yin náà la tiyín nìyẹn, mà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó jókòó lórí àpótí.

"Èmi ọmọ Igbemo ni," ó ní. "Odò tí wọ́n fi wẹ̀ mí kò mù mí dé orúnkún. Láti ìgbà tí omi yẹn ti wọlé ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ti gbé orí lé ìrọ̀rí, ó ń sọ̀rọ̀. Glọ́, glọ́, glọ́. Bàbá ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbọ́ nǹkankan. Mo lá àlá pé ó gun ibùsùn wá bá mi. Mo da òróró díẹ̀ sí i, ó túbọ̀ ń sọ̀rọ̀. Mo fi kún un. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n máa wò ó?"

Mo ti to ẹ̀rín sílẹ̀ lẹ́nu, mo dá a padà. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Obìnrin yìí kò tíì sùn dáadáa nínú ilé ara rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù mi.

"Màmá, níbo ni ìrọ̀rí yín wà?"

Ó mú mi wọ yàrá. Ògiri ibi orí ibùsùn wọn gan-an ni ògiri tí dígí fara tì ní pálọ̀, ẹ̀rọ ẹ̀yìn yẹn sì wà láàárín. Ẹ̀rọ náà ni ó ń gbé omi mì láti ìgbà tí kò ti lè hó mọ́. Ohun tí kò sì jẹ́ kí ó hó ni òróró. Bí Màmá bá ṣe ń dà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀ tó.

Mo ní kí ó fi etí kan ògiri. Mo lọ sí pálọ̀, mo pa ẹ̀rọ.

"Ó ti dákẹ́," ó ké sí mi.

Mo tan án. "Ó ti tún dé."

Ó jáde wá, ó ní kí n lọ dúró sí yàrá, òun fẹ́ pa á fúnra òun. Ó pa á, ó tan án, ó pa á. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ náà láti orí dé ìsàlẹ̀.

"Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ," ó ní. "Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, mà. Àmọ́ ẹ ò da òróró sínú igi ilẹ̀kùn. Ara rẹ̀ lẹ tó o sí. Ẹ jẹ́ kí a máa tó tòkun náà sára dígí, níta."

Ó rò ó. Ó rò ó pẹ́ dé ibi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù mi lọ́kàn. Ó wá ní, "Igun wo?"

Lọ́jọ́ náà mo tẹ́ bébà pẹlẹbẹ sójú omi, mo ń gbé e kúrò pẹ̀lú òróró lára rẹ̀, mo ń tẹ́ òmíràn. Mo pààrọ̀ omi, mo fọ ẹ̀rọ, mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo fi kànìnkànìn tó nípọn tẹ́ ẹ nídìí. Ẹja yẹn ṣì ń ya ẹnu lójú omi nígbà tí mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà, mi ò rí i mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wá a, mo rí i nísàlẹ̀ láàárín òkúta, ó ń ti ẹnu bọ iyanrìn bí ẹni ń wá owó tó já bọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ń hó bí ọṣẹ.

Bàbá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ni. Ó gun àga, ó yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, kò rí nǹkankan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí. Kò tún mẹ́nu kan fóònù mọ́.

Ẹja náà ti ní ẹgbẹ́ báyìí, Bàbá sì ń fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn fún àwọn àlejò bí ìgbà tí ó wà níwájú kíláàsì. Bọ́sẹ̀ ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n pálọ̀ Bàbá, èmi ni mo ṣì ń lọ. Màá kọ́kọ́ ti ìka bọmi, màá fi pa àtàǹpàkò, lẹ́yìn náà ni màá tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí.

"Ìyá Ẹlẹ́ja," Bàbá máa ń sọ, "igun ọwọ́ òsì yẹn ṣú. Mi ò rí ẹja mi dáadáa níbẹ̀. Nù ún."

"Ẹ sún díẹ̀ sí ọ̀tún, Bàbá."

Mo máa ń nu gbogbo dígí náà, igun òróró yẹn nìkan ni mi kì í fọwọ́ kàn. Màmá á jókòó sórí àga rẹ̀, á ṣe bí ẹni ń ka Bíbélì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ń wò. Bí òun náà bá sì dìde tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí yẹn kọjá, màá fi aṣọ ìnudígí sílẹ̀, màá máa wo ọwọ́ tirẹ̀.